OJÚ LỌ̀RỌ̀ WÀ: Ọ̀rọ̀ lórí Ọgbà Tuntun tí A Fẹ́ Ṣe sí Iwájú Ilé-Ìwé Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, ọmọ sẹ́ẹ̀tì 1982, sọ níbi ìpàdé ọlọ́dọọdún Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Bàbá wa tó kọ́ wa ní Jọ́gíráfì jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, mo sì rí i pé wọ́n ṣì ń wò mí bóyá mo fi ṣẹ́ẹ̀tì sínú ṣòkòtò dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pè mí jáde lónìí.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọgbà òdòdó àti ère tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe síwájú gbọ̀ngàn yìí. Wọ́n yàn mí nítorí pé iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mò ń ṣe, wọ́n sì rò pé owó yanrìn àti símẹ́ǹtì ni n ó ṣírò fún yín. N ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí igi kan.

Ẹ rántí igi máńgòrò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, àbí ẹ ti gbàgbé? Nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, àwa a sá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alákàrà, àwọn ọmọ kíláàsì adití a sì kọrí sábẹ́ igi náà. Wọn a jókòó yíká, wọn a máa fọwọ́ sọ̀rọ̀, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Àwa rò pé ìbòòji lásán ni wọ́n ń wá. Odi la máa ń pè wọ́n. Èmi náà pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ là ń pè ní odi, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwa ni a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. A pè wọ́n ní odi, àwa gan-an la sì mọ odi yí wọn ká.

Ní 1996, ẹgbẹ́ yìí kan náà dáwó jọ. A gé igi yẹn, a da kọnkéré síbẹ̀, a sọ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ nígbà náà. Èmi ni mo na okùn tí mo fi wọn ibẹ̀. A bi Ọ̀gá Àgbà ìgbà náà, a bi àwọn òbí, a bi àwọn tó ní mọ́tò. A kò bi ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti parí síbẹ̀, ká ní n kò lọ ra àga ní ọdún tó kọjá. Mo dé ọ̀dọ̀ káfíńtà kan nínú ìlú yìí. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Adití ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbọ́ràn, ló ń bá wa túmọ̀. Ó ní ilé-ìwé kan náà la jọ lọ, ọdún kan náà la jọ jáde. Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò fi pe òun sí ìpàdé rí. Láìronú, mo dáhùn pé, "Ṣebí ọdọọdún la máa ń kéde rẹ̀ lórí rédíò." Ọmọ náà dákẹ́. Kò túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn ń wò mí. Ẹ̀yin ará, ojú tì mí débi pé n kò rántí ná àga náà mọ́.

Kí n tó lọ, ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ilẹ̀, ó fi ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún lé e, ó na ìka márààrún sókè, ó sì ń mì wọ́n bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ọmọ rẹ̀ ní, "Orúkọ ilé-ìwé yín nìyẹn sà." Igi. Àwọn adití ti fún ilé-ìwé wa lórúkọ láti ìgbà tí a wà níbẹ̀, orúkọ náà sì ni àwọn ọmọ kíláàsì adití ṣì ń pè é títí di òní, àwọn ọmọ tí kò fojú kan igi náà rí. Àwa tí a mọ orin ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò mọ orúkọ rẹ̀ kejì.

Ọ̀rẹ́ wa náà wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ìlà kẹta ló jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, tó ń fọwọ́ túmọ̀ gbogbo ohun tí mò ń sọ. Ẹ kí i fún mi.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi tó ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, mo rò ó fún un. Ó ní Yunifásítì Gallaudet, tó jẹ́ ti àwọn adití, wà ní Washington, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ òun. Ó wà mí lọ síbẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti ohun tí mo kà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ fi gba ẹgbẹ́ wa nímọ̀ràn lónìí.

Ààrẹ Abraham Lincoln ló fọwọ́ sí òfin tó fún ilé-ẹ̀kọ́ náà láṣẹ láti máa fúnni lóyè yunifásítì, ní 1864. Ní 1866, Frederick Law Olmsted, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò ọgbà ìgbafẹ́ ńlá Central Park ní New York, bá wọn ṣètò ilẹ̀ náà. Ẹ wá rí ohun tó dúró síwájú ilé ìsìn wọn: ère idẹ kan tí Daniel Chester French ṣe, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní 1889. Ọkùnrin kan jókòó, ọmọbìnrin kékeré kan dúró tì í. Ọkùnrin náà ni Thomas Hopkins Gallaudet, ọmọ náà ni Alice Cogswell, ọmọ adití tó jẹ́ ará àdúgbò rẹ̀ ní ìlú Hartford. Nítorí ọmọ yìí ni Gallaudet ṣe rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù, tó sì mú Laurent Clerc, olùkọ́ adití ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá sí Amẹ́ríkà ní 1816. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ilé-ìwé adití sí Hartford.

Nínú ère náà, ọwọ́ àwọn méjèèjì ń sọ ohun kan náà. Wọ́n ń fọwọ́ kọ A. Ẹ ká ìka mẹ́rin wọnú àtẹ́lẹwọ́, kí àtàǹpàkò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó tán. Ẹ ti kọ A. Èmi tí mo dúró níbẹ̀ kọ́ ọ láìsí olùkọ́. Ẹni tó bá ń kọjá yóò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn adití Amẹ́ríkà fúnra wọn ló sì dáwó tí wọ́n fi ṣe é. Wọn kò ní kí wọ́n gbẹ́ aláàánú kan tó ń fi owó fún aláìní. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ èdè àwọn síbẹ̀, kí gbogbo ayé rí i.

French yìí kan náà ló ṣe ère Lincoln ńlá tó wà ní Washington, èyí tí wọ́n ṣí ní 1922. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé ọwọ́ òsì ère náà ń kọ A, tí ọ̀tún ń kọ L, àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Lincoln. Kò sí ẹni tó tíì rí ibi tí French fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ohun tí òun ní lọ́kàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọgbọ́n. Tí a bá fẹ́ fi èdè adití bọlá fún ẹnikẹ́ni, ká ṣe é ní gbangba tí kò ní sí àríyànjiyàn. Ní Hartford, Frances Wadsworth ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1953: ọwọ́ ńlá méjì ló gbé ọmọbìnrin náà sókè, ọwọ́ náà sì ń sọ "ìmọ́lẹ̀" ní èdè adití. Ìta gbangba, létí títì ìlú, ló wà.

Ère nìkan kọ́ o. Ilẹ̀ pàápàá lè sọ̀rọ̀. Ní 2005, ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Hansel Bauman bá àwọn adití Gallaudet jókòó, wọ́n jọ ń wádìí irú ilé àti ọgbà tó bá ìgbésí ayé adití mu. Wọ́n pe ètò náà ní DeafSpace. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àwa tí etí wa ń gbọ́ lè máa sọ̀rọ̀ kí a máa wo ilẹ̀. Adití kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí adití méjì bá jọ ń rìn, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ rí ojú àti ọwọ́ ẹnì kejì, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣọ́ ọ̀nà. Tí ọ̀nà bá há, ìkan á bọ́ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ á já. Nítorí náà, wọ́n ṣe ọ̀nà tó fẹ̀. Àtẹ̀gùn ń fẹ́ kí ènìyàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí náà wọ́n ṣe ibi tó rọra ga díẹ̀díẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ ilé, adití kò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, nítorí náà wọ́n gé igun ògiri tàbí kí wọ́n fi gíláàsì sí i. Oòrùn tó bá ń ràn lẹ́yìn ènìyàn máa ń sọ ojú rẹ̀ di dúdú, nítorí náà wọ́n ń wá ìmọ́lẹ̀ tó tutù, wọ́n sì ń kun ògiri ní àwọ̀ tó jẹ́ kí ọwọ́ hàn dáadáa. Ìjókòó wọn rí roboto, kí gbogbo ojú lè rí gbogbo ojú. Àní wọ́n ń ṣe ibi tí ènìyàn lè gbé ife tíì lé, nítorí ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Ilé ńlá kan tí wọ́n parí ní 2008 àti ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n parí ní 2012 jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀, mo sì rántí igi máńgòrò. Ìjókòó roboto, ìbòòji tí kò jẹ́ kí oòrùn gún ojú, ibi tó tẹ́jú tí kò sí ohun tó dí ojú lọ́nà. Àwọn ọmọ kíláàsì adití wa ti mọ gbogbo rẹ̀, láìsí ayàwòrán ilé. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n. Ẹ wo agboolé àtijọ́, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe kọjú sí ara wọn yí àgbàlá ká. Ẹ wo igi ọdán iwájú ààfin. Yorùbá tó sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Àwa la wá gé igi, tí a fi kọnkéré dí ojú ọ̀rọ̀.

Ohun méjì tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa Gallaudet, kí ẹ má baà rò pé ọ̀run ni mo dé. Nínú ọgbà tí ère Alice wà yẹn, ilé-ìwé kékeré kan wà fún àwọn ọmọ adití, Kendall lorúkọ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò gba ọmọ adití tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú síbẹ̀. Láti 1905, Maryland ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ dúdú lọ, tí wọ́n á fi ìyá àti bàbá wọn sílẹ̀ ní Washington. Ìyá kan tó ń jẹ́ Louise B. Miller kò gbà. Òun àti àwọn òbí mìíràn gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n sì jàre ní 1952. Síbẹ̀, kíláàsì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣí fún àwọn ọmọ dúdú nínú ọgbà náà, títí ìdájọ́ ńlá ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti 1954 fi fòpin sí ìyapa náà. Ó di oṣù keje 2023 kí yunifásítì náà tó ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 24 wọ̀nyẹn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, tí wọ́n sì bọlá fún àwọn olùkọ́ dúdú 4 tó kọ́ wọn. Wọ́n tún ti pinnu láti fi ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọgbà òdòdó kan sọrí Louise Miller. Ẹ rí i pé ilẹ̀ tí a fi ṣẹ ènìyàn, a lè fi bẹ ènìyàn, bí a bá lè dárúkọ ohun tí a ṣe.

Èkejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè B.A. ní Gallaudet ni Andrew Foster, ní 1954. Ọmọ Alabama ni, àìsàn ló sọ ọ́ di adití nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Ní 1957 ó dé Ghana, ó ṣí ilé-ìwé adití síbẹ̀. Ní 1960 ó dé Ìbàdàn, ó ṣí òmíràn. Ó ń dá wọn sílẹ̀ kiri ilẹ̀ Áfíríkà títí ọkọ̀ òfurufú fi já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní 1987. Gallaudet fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn kan ní 2004. Ọ̀nà Foster ni èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní kíláàsì adití wa gbà dé. Nígbà tí mo ṣe àmì káfíńtà wa fún akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Igi. Ó béèrè igi wo. N kò lè dá a lóhùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ owó. Àwòrán tí ìgbìmọ̀ fi hàn wá lánàá ni ère ọmọkùnrin kan tó di ìwé mú, pẹ̀lú òdòdó yíká, irin yíká òdòdó, àti pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ koríko. Mi ò bá ìgbìmọ̀ jà, iṣẹ́ tọkàntọkàn ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ère yẹn wà ní ilé-ìwé mẹ́wàá láàárín ìlú yìí. Kò sọ ohunkóhun nípa wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí i lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe nìyí.

Èkíní, kí a fi ọ̀rẹ́ wa káfíńtà, olùkọ́ kíláàsì adití, àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti kíláàsì náà sínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì ní ògbufọ̀. Kì í ṣe kí a pe wọ́n wá wo ohun tí a ti parí. Kí ọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀ kí a tó da yanrìn.

Èkejì, kí a fọ́ kọnkéré ẹ̀gbẹ́ géètì, kí a gbin máńgòrò síbẹ̀. Kí a fi ìjókòó símẹ́ǹtì yí i ká roboto, kí a ṣí àlàfo sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn. Kí ọ̀nà láti géètì dé gbọ̀ngàn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ó má ní àtẹ̀gùn. Mo ti wọ̀n ọ́n, ibi ìgbọ́kọ̀sí kò ní dín ju mọ́tò 6 lọ, owó tó wà lọ́wọ́ wa sì ká a.

Ẹ̀kẹta, dípò ọmọ tó di ìwé mú, kí ère ẹnu géètì jẹ́ ọwọ́ méjì tó ń pe orúkọ ilé-ìwé wa bí àwọn adití ṣe ń pè é. Kí a kọ orúkọ náà sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà, kí ọmọ àdúgbò tó ń kọjá lọ sọ́jà lè dúró kọ́ ọ. Kí ọwọ́ tí wọ́n máa wò gbẹ́ ẹ jẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ wa yìí, tó bá gbà fún wa.

Ẹ̀kẹrin kò gba kọ́bọ̀. Láti òní lọ, kí ìkéde ìpàdé máa lọ nínú ìwé àti lórí fóònù ní kíkọ, kì í ṣe lórí rédíò nìkan.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn adití kò pọ̀ nínú wa. Òótọ́ ni, nítorí pé a kò pè wọ́n. Ẹlòmíràn lè ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ó sì fún ilé gbogbo tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti tún ara ṣe. Ọdún 5 náà ti pé. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí òfin, ṣé ó yẹ kí òfin ló máa sọ fún wa pé kí a mọ orúkọ ilé-ìwé wa?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣìṣe nínú ìṣirò, kí ó pa á rẹ́, kí ó tún un ṣe ní mímọ́. Okùn tí mo nà ní 1996 ni mo fẹ́ padà lọ nà báyìí. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi di etí rẹ̀ mú.

Mo ti parí. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi o. Tí inú adití bá dùn, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n máa ń gbé sókè, wọ́n á máa mì í. Tí ẹ bá gbà pẹ̀lú mi, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rẹ́ wa ní ìlà kẹta lè rí ìdáhùn yín fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ọwọ́ òsì, ẹ fi ìgúnpá ọ̀tún lé e, ẹ na ìka, ẹ mì í. Ilé-ìwé wa nìyẹn.